Abala Ìwé Kan Lára Ògiri

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń kọ ètò ìdàgbàsókè ilé-ìwé wa.
Ní Ògòtún níbí ni mo ti ń kọ ọ́, mo sì ń kọ ọ́ dáadáa,
àmì ohùn pé, ìlà gún régé:
A ó tún òrùlé ṣe. A ó ra ìwé. Àwọn ọmọ yóò mókè.
Ọ́fíìsì á lu òǹtẹ̀ lé e.
Ẹ̀dà tó bá kù lọ́dọ̀ wa,
ikán á kà á tán kí ọmọ kankan tó kà á.

Lọ́dún tí ọmọ méjìdínlógójì jókòó ìdánwò
tí mẹ́sàn-án péré yege,
wọ́n gbé Ìyáàfin Fápohùndà wá láti Ìkọ̀lé,
obìnrin kúkúrú, bàtà rọ́bà,
ohùn rẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń rọra ṣílẹ̀kùn.
A rò pé owó ni yóò béèrè. Rẹ́jísítà ló béèrè.
Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ,
orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n,
ó ń fi ìka tọ òfo inú rẹ́jísítà,
òfo, òfo, òfo,
títí ó fi gbójú sókè:
"Ẹ̀yin olùkọ́, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́rọọrún?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ọjà ni.
Ta ni kò mọ̀? Ọmọ á ru ẹní ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà,
ẹní aláràbarà tí wọ́n fi òru hun,
owó rẹ̀ ni wọ́n fi ń ra ìwé tí ọmọ kì í ráyè kà.
Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.
Kò sí nínú ohun tí mo kọ fún ọdún mẹ́rin.

Abala ìwé kan ṣoṣo ló lẹ̀ mọ́ ògiri. Pẹ́ńsù ló fi kọ ọ́:
Ìṣirò kúrò ní ọjọ́ ọjà.
Ẹni tó bá ru ẹní lánàá, kó dé ní aago méje;
Ọ̀gbẹ́ni Adúrógbadé yóò máa dúró dè é.
Ẹ má na ọmọ tó bá ka "ilé" ní "ulé."

Ibẹ̀ ni ara mi ti tutù.
Èmi ni mo ń nà wọ́n.
Ìwé wí pé "igi," ọmọ wò ó, ó pè é ní "ugi,"
pàṣán mi á dáhùn.
Bẹ́ẹ̀ ọmọ náà kà á!
Ojú rẹ̀ rí igi, ahọ́n ìyá rẹ̀ ló bá a pè é,
bí ìyá tèmi náà ṣe ń pè é títí ó fi kú.

Ètò kì í ṣe òògùn. Kíláàsì kẹrin ṣì ń jò.
Lóṣù kejì àìsàn dá Adúrógbadé dùbúlẹ̀,
aago méje ń lù, kò sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn.
Ìyáàfin fi rọ́bà pa orúkọ rẹ̀ rẹ́,
ó kọ tèmi síbẹ̀. Kò bi mí.
Bí mo ṣe di ẹni tí ń jí rìn nínú ọyẹ́ nìyẹn,
tí mo ń bá ọmọ mẹ́fà, ọmọ mẹ́jọ,
pín ọ̀nà mẹ́ta ẹní sí ọ̀nà mẹ́rin
títí ìdá fi yé wọn, tó sì yé èmi náà.
Ìyá Ìbíyẹmí wá dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan,
koríko ẹní ṣì há sí i léèékánná:
"Ṣé lóòótọ́ lẹ ń dúró dè wọ́n?"
Kò sọ̀rọ̀ mìíràn. Ó lọ.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mọ́kànlélógójì jókòó,
mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n yege.
A fẹ́ pariwo. Ìyáàfin ti mú abala ìwé tuntun,
àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù ló ń kọ,
orúkọ, orúkọ, orúkọ.
Ìbíyẹmí ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta.
Mo gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ rẹ̀,
mo kọ orúkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀.