Òru Tí Iná Lọ ní Ostrava

Láti oṣù kẹwàá ni mo ti sọ fún Vlastimil
pé n kò ní fọwọ́ kan ọ̀kankan nínú wọn.
Mo búra níwájú ìkòkò ọbẹ̀ kábéèjì tó ń hó.

Àpò ẹyin kan ṣoṣo ló rà lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Brno,
ó gbé e wálé lábẹ́ fìlà bí ẹni jí ẹyin adìyẹ.
Nígbà tí àpò ya,
ọmọ rọ́ jáde bí ata gígún tí a dà sórí àwo funfun,
àfi pé ata kì í rìn.

Bùràsíìlì ni ìlú ìyá wọn,
níbi tí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń ṣe òrùlé.
Aláǹtakùn ni wọ́n, wọn kì í takùn dọdẹ;
rírìn ni wọ́n ń rìn lóru, bí ọlọ́dẹ tí kò gba owó oṣù.
Bí ìyá wọn bá bu èèyàn jẹ, ilé ìwòsàn ló kù.
Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo bi í.
Ó ní, "Drahomíra, ṣé o ti rí ata wẹ́wẹ́ tí kì í ta?"

Ó pín wọn sínú ike, oníkálukú nínú yàrá tirẹ̀,
nítorí ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n,
ẹbí a sì máa jẹ ẹbí bí oúnjẹ bá pẹ́ lórí iná.
Ihò abẹ́rẹ́ mẹ́fà lára ìdérí. Èèpo igi díẹ̀. Omi ṣín-ún.
Orí tábìlì Radovan, ọmọ wa tó wà ní Kánádà, ló tò wọ́n sí,
mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún.

Ọkùnrin tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wa èédú,
tí ìka rẹ̀ kò lè de bọ́tìnnì mọ́,
òun ló ń fi búrọ́ṣì ìkunjú mi àtijọ́
rọra sún ohun tí kò tó ẹ̀wà,
tó ń ju eṣinṣin wíńniwínni sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.
"Ẹ jẹun," á sọ ọ́ pẹ̀lẹ́.
Láti ọdún méjìdínlógójì tí mo ti fẹ́ ẹ,
n kò gbọ́ ohùn yẹn rí.

Bí ọ̀kan bá ń bọ́ awọ, a kì í ti ilẹ̀kùn gbàgà.
Yóò fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lókè,
yóò máa fa ara rẹ̀ yọ bí ẹni bọ́ ìbọ̀sẹ̀ tútù.
Òmíràn kì í yọ tán.
Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, Vlastimil kì í jẹun alẹ́.

Nínú oṣù kìn-ín-ní ni iná lọ.
Gbogbo Vítkovice ṣókùnkùn bí inú kòtò èédú.
Tẹmómítà ń wálẹ̀:
mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mọ́kànlélógún, méjìdínlógún.
Mo gbọ́ ikọ́ rẹ̀ nínú yàrá ọmọ, mo gbé tọ́ọ̀ṣì lọ.
Ó ti ki ike bọ inú síńgílẹ́ẹ̀tì, inú ṣẹ́ẹ̀tì, inú àpò ṣòkòtò,
ó wú bí aboyún,
púpọ̀ sì kù lórí tábìlì.
Kò bẹ̀ mí. Ó kàn wò mí.

Mo tú bọ́tìnnì aṣọ òtútù mi.
Mo gba mọ́kànlélógún. Wọ́n tutù bí owó irin.
A jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì Radovan, kúbùsù kan bò wá,
ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà láàárín oró àti ọmú.
Mo rò pé mò ń gbọ́ ìrìn wọn.
Irọ́ ni. Ọkàn ara mi ló ń kan ìdérí.
N kò mí kanlẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́fà lù, fíríìjì kígbe, iná dé.
A tò wọ́n padà. Mẹ́rin kò mira.
Ó kọ nọ́ńbà wọn sínú ìwé, ó pa ìwé dé.

Nínú àwọn tèmi, ọ̀kan ti bọ́ awọ lóru,
lábẹ́ ọmú òsì mi, láìtọrọ àyè.
Awọ àtijọ́ ká sílẹ̀, ó fúyẹ́ ju èémí lọ.
Òun fúnra rẹ̀ dúró tì í, ó funfun, ó rọ̀,
ó gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè sí mi
bí wọ́n ti máa ń ṣe kí wọ́n tó bu èèyàn jẹ.

"Jẹun," ni mo wí.
Vlastimil ní kò lè jẹun fún ọjọ́ mẹ́rin, eyín rẹ̀ kò tíì le.

Mo tẹ ìdérí rẹ̀. Mo tún un tẹ̀.