Ọdún Tí A Kọ Ìkeje

Lásìkò kajú ní Ìsánlú,
owó kóró tí wọ́n ṣà lóko bàbá wọn
ni wọ́n fi ń gbá géèmù ní ṣọ́ọ̀bù Mẹ́dùpin, ẹ̀gbọ́n mi.
Èmi ni mo ń kọ orúkọ sínú ìwé.
"Ọ̀kún o," wọ́n á wí, wọ́n á jókòó,
jẹnẹrétọ̀ á máa húkọ́ lẹ́yìn ilé.

Nígbà tí Ogun Òkè Idẹ ìkeje dé,
inú wọn dùn títí di ìrọ̀lẹ́.
Wọ́n ti yọ ẹṣin.
Wọ́n ti yọ ìyá arúgbó tó ń pọ́n idà lẹ́bàá odò.
Apata, owó. Bàtà, owó.
Òjò rọ̀ títí, ilẹ̀ kò tutù.

Dúróṣinlọ́run ju páàdì sílẹ̀: "Irọ́ ni!"
Láti ọjọ́ náà, ìkẹta ni wọ́n ń bèèrè,
àwo tó ti ha, tó ń takú lágbedeméjì.
Mẹ́dùpin ní aláìmoore ni wọ́n.
Mo wo ìwé mi: ẹni tó pariwo jù
ni orúkọ rẹ̀ pọ̀ jù níbẹ̀.
Ta ní ń bá ọbẹ̀ tí kò tọ́ wò rí jà?

Ariwo náà, tiwa àti ti ẹlòmíràn,
dé ibi tí wọn ò gbọ́ orúkọ Ìsánlú rí.
Kajú so lẹ́ẹ̀mejì.
Ìkẹjọ dé.
Arúgbó ti padà sẹ́bàá odò,
bí ẹni pé ó kàn lọ sóko.
Ṣọ́ọ̀bù pa rọ́rọ́.
Dúróṣinlọ́run gun ẹṣin, ó fajú ro:
"Ẹṣin yìí mà sanra jù."

Mo ṣí ojú ewé tuntun.