Kó Tó Fọwọ́ Síwèé

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ;
Marlys ń wolé kó tó fọwọ́ síwèé,
yìnyín Fargo ṣì lẹ̀ mọ́ bàtà rẹ̀.

Ó ṣí ẹ̀rọ: omi wúkọ́, ó pọ́n, ó tòrò.
Ó gbé ọsàn kan kalẹ̀ ní kíṣìnnì —
ó yí gbirigbiri wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù.
Orrin lẹ téèpù mọ́bẹ̀.
Ilẹ̀kùn tó ń ráhùn: téèpù.

Nínú gáréèjì,
ológbò kan ti rìn lórí kọnkéré kó tó gbẹ.
Ọwọ́ Orrin ti dé téèpù.

"Fi í sílẹ̀.
Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi háyà ilé;
ọjọ́ tí mo bá kó jáde
ni wọ́n ń fọ̀dà pa ipa ọwọ́ mi rẹ́."