Àkísà Àgbà

Kókìlì là ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé
Colclough ló wà lára káàdì ọrùn rẹ̀.
Ọdún méjìlélógójì ló fi ń ṣí ìlẹ̀kùn ààrò, tó ń tì í,
ní Longton, níbi tí amọ̀ ti ń wọlé ní rírọ̀
tí í jáde ní àwo.
Kì í wo aago. Á dẹ etí sílẹ̀,
á ní, "Kò tíì tó. Ó ṣì ń mí bí ọmọ tó sunkún sùn."

Lọ́dún tó kù kó fẹ̀yìn tì
ọ̀gá ra kọ̀ǹpútà, ó ní ibẹ̀ ni ìmọ̀ wa yóò máa gbé.
A kí i káàbọ̀. A kò fún un ní nǹkan kan jẹ.
Ta ló ń ka iye ẹran inú ọbẹ̀ rẹ̀ fún àlejò
lọ́dún tí wọ́n ń dá òṣìṣẹ́ dúró?

Èmi ni mo jókòó tì í nídìí tíì,
èmi ọmọ Ìpetumodù. Ìyá ìyá mi mọ ìkòkò,
kò sọ fẹ́nìkan bí dúdú tirẹ̀ ṣe ń dán.
A sin òun àti dúdú náà pọ̀.

Wọ́n ní ọmọdé lè láṣọ bí àgbà,
kò lè lákìísà bí àgbà.
Bàbá, mi ò tọrọ aṣọ. Àkísà ni kó o fún mi:
èyí tó bàjẹ́,
èyí tó o kó pamọ́ kí ọ̀gá má rí i.

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé.
Ó wá sọ ti alẹ́ yìnyín kan, iná lọ lójijì,
irinwó àwo jáde pẹ̀lú àwọ̀ kan tí kò lórúkọ,
bí ọrùn ẹyẹlé nínú oòrùn. Wọ́n fọ́ gbogbo rẹ̀.
"Ìṣẹ́jú mélòó niná fi lọ?"
"Mọ́kànlá. Mo kà á."
Mo kọ ọ́ sínú ìwé olówó pọ́ọ́kú kan,
mo fi okùn so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà ààrò.

Saira, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ló kà á,
ló béèrè ohun tí èmi ò ronú kàn:
"Bá a bá mọ̀ọ́mọ̀ pa iná náà ńkọ́?"

Àwo ọlọ́rùn-ẹyẹlé ló ń bọ́ wa báyìí.
Lọ́jọ́ ẹ̀yẹ, ọ̀gá dúpẹ́ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà.

Kókìlì ti lọ. Etí rẹ̀ ò sí nínú ìwé náà;
mo kọ "ó ń mí", kò yé ẹnì kankan.
Ṣùgbọ́n lánàá, lábẹ́ ìlà mi,
mo rí ìkọ̀wé Saira, àti ojú ìka amọ̀ kan:
"Mo dán ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án wò. Ó fọ́.
Ẹ má fa ojú ìwé yìí ya."