Àtẹ́lẹwọ́ Casimira

Ní Uyuni, iyọ̀ tẹ́ lọ bí ẹní funfun,
ojú á rìn, á rìn, kò ní rí ibi tí yóò jókòó sí.
Ibẹ̀ ni jíìpù Nicanor ti ń kan ilẹ̀kùn tí kò sí,
kó! nínú kòtò, kó-kó-kó!
lójú ọ̀nà tó hunjọ bí iwájú orí arúgbó.
Àwọn àlejò tó kó sẹ́yìn di ìjókòó mú,
ọ̀kan ń gbàdúrà lédè tí Nicanor kò gbọ́.

Ó ti pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì lẹ́ẹ̀mejì.
Ará Oruro ní ṣọ́ọ̀kì ni, ó sanwó.
Ará Potosí ní ṣọ́ọ̀kì tí ará Oruro tà ni, ó tún sanwó.
Ariwo náà kò tilẹ̀ sún kúrò níbi tó jókòó sí.

Ìyàwó mi Casimira ni wọ́n júwe fún un.
Casimira kì í gbọ́rọ̀ mọ́:
ọdún mẹ́rìnlá ló fi ń tún kátápílà ṣe níbi ìwakùsà,
etí ọ̀tún kọ́kọ́ lọ, tòsì ní òun ò lè dá gbé.
Nicanor la ẹnu láti ṣàlàyé, Casimira gbé ọwọ́ sókè,
ó nàka sí mi.
Èmi alásè, tí n kò mọ orúkọ sípánà kan,
èmi ni etí.

A wa ọkọ̀ náà gba orí irin rélùwéè àtijọ́ kọjá.
Ó ní kí Nicanor fẹsẹ̀ ba bíréèkì díẹ̀: ṣé ó dákẹ́?
Mo mi orí. Ọ̀rọ̀ ò kan bíréèkì.
Ó ní kó dúró, kó yí ìtọ́kọ̀ sọ́tùn-ún, sósì: ṣé ó dún?
Mo mi orí. Òkè sípíríǹgì bọ́ nínú ẹjọ́.
Ó fìka kọ ọ́ sínú eruku gíláàsì:
ṣé bó ṣe ń ròkè ló ń dún ni, àbí bó ṣe ń já bọ̀?
N kò mọ̀. Ojú tì mí. A tún padà gba orí irin.
Bó ṣe ń já bọ̀ ni.

Ó fi jáàkì gbé apá ìsàlẹ̀, tayà wà lófuurufú,
ó ní kí n ki irin gbọọrọ bọ abẹ́ rẹ̀, kí n máa gbé e díẹ̀díẹ̀.
Òun dùbúlẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì
bí ẹni ń wá ibà lọ́rùn ọmọ.
Mo gbé e. Kó.
Mo rí i lójú rẹ̀ kí n tó gbọ́ ọ:
ọwọ́ rẹ̀ ti pàdé ọwọ́ olè nínú ìkòkò.

Rọ́bà rẹ̀ ti ya. Iyọ̀ ti wọlé, ó ti po girísì di ògì dúdú;
irin náà ń mì nínú ihò rẹ̀ bí eyín àgbà tó ń dágbére.
Casimira fi èékánná rẹ̀ han Nicanor: ohun tó kù tó dì í mú kò jù báyìí lọ.
Láàárọ̀ ló sáré kọjá níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ mẹ́fà.
Ó wo tayà, ó wo pẹ̀tẹ́lẹ̀ funfun lọ́ọ̀ọ́kán,
ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìwá àga.

Nọ́ọ̀tì náà ti bá iyọ̀ mulẹ̀, kò fẹ́ tú.
Epo, sùúrù, òòlù lẹ́ẹ̀mejì lẹ́gbẹ̀ẹ́: gbà! ó já.
Tuntun wọlé, girísì kún un.
Nọ́ọ̀tì búṣì nìkan ni kò fún pa títí ọkọ̀ fi fẹsẹ̀ tẹlẹ̀:
rọ́bà tí a bá fún lófuurufú, ilẹ̀ ni yóò ti ya.

Nicanor san ìdajì owó, ó fi àpò ọ̀dùnkún gbígbẹ dí ìdajì.
Mo rí i tó dúró lẹ́ẹ̀mejì lọ́nà, tó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀;
ìdákẹ́jẹ́ ń dẹ́rù bà á.

Casimira di ọwọ́ mi mú, girísì kò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.
Báwo ló ṣe ń dún báyìí?
Mo ní kò dún mọ́.
Kò fi mí sílẹ̀. Ó ń dúró.
Mo bá tẹ́tí dáadáa, mo fìka kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀:
tayà ń fọ́ iyọ̀, ṣàrà, ṣàrà,
bí ìgbà tí o bá ń jẹ àgbàdo sísun lóru
tí o rò pé mo ti sùn.