Ìṣẹ́jú Mẹ́rin

Erlend, n kò mọ ojú rẹ.
Ìró rẹ ni mo mọ̀: fíìì, ìṣẹ́jú kan gbáko,
ní orí wákàtí, láti Shetland.
O kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, o kò gbọdọ̀ kí mi,
nítorí ìwọ̀n la ń wọ̀n, a kì í ṣe àlejò ara wa.

Èmi Rannvá, ní Sumba, ní etí òkúta tí Faroe ti parí,
mo to irin mọ́kànlá sórí òpó kan bí eegun ẹja,
mo kọ ojú rẹ̀ sí gúúsù ìlà-oòrùn.
Àgùntàn máa ń wá họ ẹ̀yìn wọn lára rẹ̀.

Òkun wú láàárín wa bí ikùn aboyún.
Ohun tó bá lọ tààrà yóò fò mí lórí, yóò bá ọ̀run lọ.
Síbẹ̀, ìró rẹ ń dé,
díẹ̀ báyìí, bí eruku ìyẹ̀fun
lára ẹni tó kọjá létí ọlọ.

Lọ́jọ́ òtútù gbígbẹ, abẹ́rẹ́ kì í kúrò lórí méjì.
Ṣùgbọ́n tí ooru bá gun orí omi tútù,
tí kùrukùru dùbúlẹ̀ sórí òkun bí ẹran tó ti rẹ̀,
abẹ́rẹ́ á fò: mẹ́sàn-án, mẹ́rìnlá,
ìgbà kan, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n! Mo pariwo,
ajá Hanus gbó títí ilẹ̀ fi mọ́.
Ọkọ mi kì í lè wa ọkọ̀ jáde lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.
Ohun tó dí i lójú ló là mí létí.

Ọdún mẹ́wàá ó lé oṣù méjì. Ìwé mẹ́tàlá.
Aago rẹ kò yẹ̀ rí.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, agogo mẹ́fà àárọ̀,
kò sí nǹkan. Ariwo òfìfo, bí òjò lórí páànù.
Mo wo okùn. Mo wo bátìrì. Mo jáde lọ di irin mú
bí ẹni di ọwọ́ ènìyàn mú.
Ní ìṣẹ́jú kẹrin, fíìì:
méje, bíi ti àná.

Kí ló dá ọ dúró? Orúnkún ni? Ilẹ̀kùn tó há?
Àbí ọwọ́ mìíràn ló tẹ bọ́tìnnì,
ọwọ́ ọmọ rẹ, tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún pé mo wà?
Ìró tó dúró lójú kan kì í jẹ́ orúkọ.

Níbi àkíyèsí, tí mo máa ń kọ «kùrukùru» sí,
mo kọ ọ́: mo gbọ́.
Lẹ́yìn náà mo pa á rẹ́, ìwé ìwọ̀n ni.
Ó ṣì hàn tí a bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀.

Agogo méje ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá.