Ìrì àti Irin

Aago márùn-ún ìdájí ní Balnarrach,
òkun àríwá ṣì ń hanrun lẹ́yìn òkìtì iyanrìn.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì sójú koríko ihò keje,
mo sì rí i:
àmì kan, kò ju owó pẹ́nì méjì lọ,
àwọ̀ rẹ̀ bíi tíì tó ti ṣá,
òwú funfun tín-ín-tín létí rẹ̀
bí irun imú arúgbó.

Mo mọ̀ ọ́.
Ọmọ ìyá olú, ìwọ tí ń mú búrẹ́dì bu nínú àpótí,
o tún dé.

Lọ́dún tó kọjá, oògùn kan ṣoṣo ni mo ń fín,
láti oṣù kẹsàn-án títí wọ oṣù kejì.
Nígbà àkọ́kọ́, o kú.
Nígbà kejì, o ṣàìsàn.
Nígbà kẹrin, o wẹ̀ nínú rẹ̀,
o nura gbẹ, o jẹun àárọ̀ lórí ihò mẹ́ta.
Oògùn tí a bá lò lálòjù,
àrùn a máa fún un lórúkọ ìnagijẹ.

Àti pé ọ̀gbẹ́ni Pringle-Moir, alága ìgbìmọ̀,
fẹ́ kí pápá tutù yọ̀yọ̀ fún ìdíje ìparí ọdún.
“Ishbel, fún un ní ajílẹ̀ sí i!”
Mo fún un.
Náítírójìn, lẹ́nu ọ̀nà òtútù!
Koríko sanra bí ọmọ olówó,
ara rẹ̀ rọ̀ jọ̀ọ̀jọ̀, omi kún un dé ọrùn.
Ẹni tó bọ́ àgùntàn yó, tó so ó mọ́ ẹnu ihò ìkookò,
ta ni yóò fẹjọ́ ìkookò sùn?
Nígbà tó fi di oṣù kìíní,
ihò keje ti dà bí orí ọmọ tí làpálàpá jẹ.

Bàbá mi ló tọ́jú ilẹ̀ yìí kí wọ́n tó bí mi.
Ọ̀pá oparun gígùn kan ló ní.
Láràárọ̀ ni yóò máa fì í lọ, fì í bọ̀,
bí ẹni ń gbálẹ̀ ilé tí kò ní ògiri,
ìrì a máa fò dànù.
Mo fi í rẹ́rìn-ín nígbà náà;
mo ti gbàwé ẹ̀rí, mo mọ orúkọ oògùn mọ́kànlá.
Lónìí mo fa oparun náà yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn àká.
Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń dì í mú ṣì ń dán.

Calum, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi, ti gbé táǹkì kọ́ tírákítọ̀:
“Ká fín in?”
Mo ní kó dúró ná.
Ìgò kan ló kù, ẹ̀yà tí àrùn yìí ò tíì bá pàdé rí;
mi ò ní fi àdá pa kòkòrò.
Lọ gé ẹ̀ka páìnì tó ń jí oòrùn àárọ̀ gbé.
Po irin mọ́ omi, kó ṣàn kára.
Kí pòtáṣíọ̀mù tẹ̀ lé e, díẹ̀díẹ̀,
bí a ti ń fi ṣíbí bọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn.
Náítírójìn? Kó tọ́ ọ wò. Kó má yó.

Ìrì ló gbé e wọlé,
irin ni kó tì í síta.

Alága dé lọ́jọ́ kẹta, pẹ̀lú ajá rẹ̀.
“Ishbel, koríko ti dúdú!”
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Irin ni.
Kò dágbére kó tó lọ.

Ọjọ́ kẹsàn-án. Ìkúùkù bo òkun.
Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù oògùn wà lápò mi
pẹ̀lú pẹ́nì méjì kan.
Mo fì oparun tán, mo kúnlẹ̀,
orúnkún mi rin gbingbin,
mo fi pẹ́nì náà lé ojú àmì yẹn.

Ó ṣì bò ó tán.